Ẹ Fi Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Mi Lọ́rùn Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ẹni pé kò kan èdè àti àṣà wa. Ẹ fi sùúrù bá mi lọ, ẹ ó rí i pé ó kàn wọ́n gan-an.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Lójú àwọn tí ó pa òwe náà, àkísà kì í ṣe ẹ̀gàn. Ẹ̀rí ni pé ẹni tí ó ni ín ti rìn jìnnà. Àwa ni a sọ ọ́ di ẹ̀gàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá kí mi nílé láìpẹ́ yìí, ó rí kọ̀ǹpútà mi lórí tábìlì, ó sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á dáwó jọ ra tuntun fún yín."

ThinkPad X200 ni, èyí tí Lenovo gbé jáde ní ọdún 2008. Tòkunbọ̀ ni mo rà á ní Ìkẹjà. Mo ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òun náà ni mo fi ń kọ ohun tí ẹ ń kà yìí, àmì ohùn pé, àmì ìsàlẹ̀ pé. Ẹ̀rín ni mo fi dá àbúrò mi lóhùn lọ́jọ́ náà. Lónìí, n ó dá a lóhùn láìrẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi ara wa: ta ní ń pinnu pé ẹ̀rọ kan ti gbó? Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn dúró fún Windows 10, àyàfi fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ bọ́ sórí Windows 11 gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí ó ní TPM 2.0, èròjà kékeré kan tí ń pa kọ́kọ́rọ́ àṣírí mọ́, àti processor tí ilé-iṣẹ́ náà fọwọ́ sí. Àìmọye kọ̀ǹpútà tí ohunkóhun kò ṣe ni òfin yìí kà mọ́ òkú nígbà tí wọ́n ṣì ń mí. Ẹ̀rọ kò kú. Ìwé ikú ni wọ́n kọ fún un.

Ibo wá ni irú àwọn òkú bẹ́ẹ̀ ń lọ? Púpọ̀ nínú wọn, ọ̀dọ̀ wa ni. Ẹ ro orúkọ náà, Tòkunbọ̀, wò. Ọmọ tí a bí lókè òkun tí a sì gbé wálé ni à ń sọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ayọ̀ ni. Àwa fúnra wa ni a mú orúkọ ọmọ, tí a fi ń pe mọ́tò, fìríìjì àti kọ̀ǹpútà àlòkù. Ọgbọ́n ni mo gbọ́ nínú ìpè yẹn: ohun tí ẹlòmíràn ti lò rí lè di ọmọ nínú ilé wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ti òkun bọ̀ ni ó bọ̀ láàyè. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network ṣèwádìí ní Èkó, wọ́n sì tẹ ìròyìn jáde pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà ẹ̀rọ àlòkù ní ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ lóṣooṣù, àti pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù náà kò ṣeé tà, kò sì ṣeé tún ṣe. Ìròyìn Global E-waste Monitor tí ó jáde ní ọdún 2024 sọ pé mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù pàǹtí ẹ̀rọ ni ayé dá sílẹ̀ ní ọdún 2022, ìpín 22.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni àkọsílẹ̀ wà pé a kó jọ tí a sì tún lò bí ó ti yẹ. Ẹni tí ń pààrọ̀ ẹ̀rọ lọ́dọọdún ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ ọmọ tí yóò sun wáyà rẹ̀ ní Èkó kí ó tó rí bàbà inú rẹ̀ yọ. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Síbẹ̀, pàǹtí nìkan kọ́ ni ó ń dùn mí. Ohun tí a kọ sínú àwọn ẹ̀rọ náà ni ó ń dùn mí jù.

Ní àwọn ọdún 1990, bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kó oríkì ìdílé wa jọ lẹ́nu àwọn àgbà obìnrin ilé. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọ̀nyẹn láyé mọ́. WordPerfect 5.1 ni bàbá fi tẹ̀ ẹ́ sínú dísíkì pẹlẹbẹ. Ìlà ni ó fà sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ dípò àmì ìsàlẹ̀, bí àwọn tí ó dàgbà sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti máa ń ṣe. Nígbà tí mo fẹ́ kó iṣẹ́ náà sórí ẹ̀rọ tuntun, mo gbé dísíkì lọ fún àwọn kan tí ó mọ iṣẹ́ náà níṣẹ́, mo sì sanwó. Lẹ́tà lásán ni wọ́n yọ jáde fún mi. Gbogbo ìlà ìsàlẹ̀ ti lọ. Ọ̀pẹ inú oríkì wa di "ope", tí ọmọ tí kò gbọ́ ọ rí lè kà sí òpè. Oríkì fẹ́ di èébú. Wọ́n tún gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ju dísíkì náà nù, pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

N kò jù ú nù. Mo ní kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mìíràn tí ó ṣì ní ojú tí a ń ki dísíkì bọ̀. Mo fi ṣe àdàkọ dísíkì bàbá mi àti ti WordPerfect rẹ̀, mo kó wọn sínú X200 mi, mo sì fi DOSBox ṣí wọn. DOSBox, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2002, jẹ́ ohun tí àwọn Òyìnbó ń pè ní emulator. Asínjẹ ni èmi ń pè é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sín ẹ̀rọ mìíràn jẹ. Ó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti ń ṣe, tó bẹ́ẹ̀ tí ètò tí a bá ṣí nínú rẹ̀ kò fi mọ̀ pé òun ti kúrò nílé. Mo tẹ Alt àti F3 pa pọ̀. Àwọn kóòdù tí WordPerfect ń fi pamọ́ yọ jáde: [UND] níwájú, [und] lẹ́yìn, yí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí bàbá mi fa ìlà sí ká. Ọ̀pẹ padà di ọ̀pẹ. Mo jókòó, mo sunkún.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan ni irú èyí ń bá. Ní ọdún 1986, BBC ṣe Domesday Project láti fi ṣàjọ̀dún 900 ọdún ìwé Domesday ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ilé-ìwé jákèjádò kọ ìròyìn àdúgbò wọn, wọ́n sì kó o sórí àwo LaserVision tí kọ̀ǹpútà BBC Master ń kà. Kò pé ogún ọdún tí ẹ̀rọ tí ó lè kà á fi di ọ̀wọ́n. Ìwé awọ ẹran ti ọdún 1086 ṣì ń sọ̀rọ̀. Àwo ọdún 1986 fẹ́rẹ̀ẹ́ ya odi. Asínjẹ ni àwọn olùṣèwádìí láti yunifásítì Leeds àti Michigan fi là á lóhùn ní ọdún 2002, nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní CAMiLEON.

Mo ti ń gbọ́ àtakò yín. Ẹ ní ẹ̀rọ àtijọ́ léwu lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni, bí ètò inú rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kì í tún ṣe mọ́. Ẹ má fi Windows XP, tí àtìlẹ́yìn rẹ̀ parí ní ọdún 2014, ṣe iṣẹ́ báǹkì. Debian ni ó wà lórí X200 mi, mo sì ń gba àtúnṣe rẹ̀ déédéé. Ẹ̀rọ olójú dísíkì kò mọ íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ ní ẹ̀rọ àtijọ́ ń jẹ iná. Òótọ́ ni fún àwọn gbàǹgbà orí tábìlì, ìdí sì nìyẹn tí asínjẹ fi dára: ẹ̀rọ kékeré kan a máa gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ńlá sínú.

Ẹ tún ní èdè Yorùbá gan-an nílò ẹ̀rọ tuntun nítorí àmì. Rárá o. Unicode kò fún ẹ́ ní ààyè tirẹ̀. Ẹ ni a ń kọ, a ó sì gbé àmì òkè lé e lórí lọ́tọ̀. Fọ́ǹtì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń mú kí wọ́n jókòó síra dáadáa, kì í ṣe ọjọ́ orí ẹ̀rọ. Mo ti rí fóònù tuntun tí ó ju àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí fìlà ọ̀mùtí.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ra tuntun. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá béèrè rẹ̀, kí ó rà á. Ohun tí mo kọ̀ ni kí á máa rà nítorí ìtìjú, kí á sì máa jù nù láìbéèrè. Kí ẹ tó ju ẹ̀rọ kan nù, ẹ yẹ inú rẹ̀ wò. Ẹ béèrè dísíkì lọ́wọ́ àwọn òbí yín. Ẹ ṣe àdàkọ. Ẹ kọ́ bí a ti ń lo asínjẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti lé àgbà kúrò lọ́jà, ta ni yóò bá wa gbé orí ọmọ náà dúró?

Ire o.