Ọjá ìkookò kì í ṣe ewéko òyìnbó

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. À ń fowó ra «langue de belle-mère» ní Kútọnu, à ń fi í ṣe fáàrí ní yàrá àlejò, bẹ́ẹ̀ irú ọjá ìkookò tó ń hù lẹ́yìn ilé bàbá wa ni. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí ló ti ṣẹ̀. Ahọ́n ìyá ọkọ! Ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé wa? Àwa olùkọ́ gan-an jẹ̀bi, Faransé nìkan la fi ń dárúkọ rẹ̀ fọ́mọ.

A tún ń fi omi pa á. Ojoojúmọ́ là ń bomi rin ín bí ẹ̀fọ́, títí gbòǹgbò rẹ̀ á fi rà. Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá tíì gbẹ, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ lu ìdí ìkòkò náà. Bó bá yọ ọmọ, ẹ gé e fún aládùúgbò, kí ẹ sì pe orúkọ rẹ̀ fún un.