Ẹni Tí Ó Jìn sí Kòtò

Àwọn àgbà ní ẹni jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó bá dìde, tí ó gbọn eruku nù, tí ó sì pa ẹnu mọ́, ta ni yóò rí ọgbọ́n kọ́?

Ní oṣù kẹta ọdún 2014, Awa Fadiga, ọ̀dọ́mọbìnrin afihàn-aṣọ, kú ní ilé ìwòsàn ńlá Cocody ní Abidjan. Ẹbí rẹ̀ ní a kò tètè tọ́jú rẹ̀. Gbogbo ìlú sì ru. Bí ó bá gba irú ariwo bẹ́ẹ̀ kí a tó gbọ́ ti ilé ìwòsàn ńlá, báwo ni a ó ṣe gbọ́ ti ilé ìtọ́jú kékeré ní Abobo tàbí Treichville? Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé, ní irú ilé ìtọ́jú àdúgbò bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé, ìtọ́jú lè pa tó aláìsàn 4 lára nínú 10.

Kí ni ó ń di àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu? Nọ́ọ̀sì tí ó ṣi oògùn lò ń bẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́, kí ọlọ́pàá má dé. Dókítà aládàáni ń bẹ̀rù kí àwọn aláìsàn má yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó tilẹ̀ kọ̀wé kì í rí èsì. Àwa aláìsàn náà a sì máa wí pé àmúwá Ọlọ́run ni.

Ilẹ̀ Dẹ́nmárkì ti fi ọ̀nà hàn. Òfin wọn, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, ní kí òṣìṣẹ́ ìlera ròyìn àṣìṣe, a kò sì gbọdọ̀ jẹ ẹ́ níyà nítorí pé ó ròyìn. Ní 2010, òfin náà dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ìdílé. Èyí kò wá ààbò fún ọ̀daràn: aláìsàn tí a ṣẹ̀ ṣì ní ọ̀nà mìíràn láti pe ẹjọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé ọmọ tí a nà nítorí pé ó jẹ́wọ́ kì yóò jẹ́wọ́ mọ́. Nítorí náà, àwa ń fẹ́ kí Côte d'Ivoire àti Nàìjíríà, tí wọ́n jọ gba òmìnira ní 1960, fi òfin dáàbò bo ẹni tí ó bá ròyìn, kí wọ́n sì máa fún un ní èsì. Kí àwọn ọ̀gá dókítà kọ́kọ́ sọ tiwọn, nítorí ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Orílẹ̀-èdè tí ó ń ṣàkóso ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rù láti yẹ ara rẹ̀ wò.