Hẹ̀rẹ̀-huru Aládùúgbò Dé Inú Igbá Obì

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́bì ilẹ̀ Likosi, ọ̀rọ̀ yín rèé o.

Obì tí ẹ ń kó lọ sí Ṣàgámù, àwọn Hausa Sábó ló ń dì í lọ sókè Ọya. Òmíràn ń gba Maiduguri kọjá sí Chad. Bí àwọn Boko Haram bá wá dí ọ̀nà ibẹ̀, ṣé obì ń dúró de àlàáfíà ni? Kòkòrò á jẹ ẹ́, owó á sì wọgbó.

ECOWAS, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1975, kò lè dá ọ̀rọ̀ yìí yanjú. Cameroon àti Chad tó wà ní ìlà-oòrùn wa kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ náà. Ẹgbẹ́ Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni tiwọn. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ méjèèjì fi pàdé ní Yaoundé ní oṣù kẹfà ọdún 2013, tí wọ́n fọwọ́ síwèé láti jọ gbógun ti olè orí òkun. Ní July 30, 2018, wọ́n tún pàdé ní Lomé nítorí àwọn apániláyà.

Ẹ má ṣe ní kí ló kàn yín. Ìbọn ti dún ní Bakassi rí láàárín àwa àti Cameroon. Ilé ẹjọ́ àgbáyé dájọ́ ní 2002, a jókòó sọ ọ́ ní 2006, a sì yọ̀ǹda ibẹ̀ ní 2008. Ogun ò jà.

Ìwé ti wà nílẹ̀, ìmúṣẹ ló kù. Bí àwọn olóṣèlú bá tún wá tọrọ ìbò ní Ogijo, ẹ bi wọ́n: ọ̀nà obì wa ńkọ́?