Ta Ló Pa Ológbò? Ẹ Jẹ́ Ká Farabalẹ̀ Ná

Bí ológìnní bá kúrò nílé, ilé di ilé èkúté. Àgbẹ̀ Òkàkà tó kó àgbàdo àti ọkà bàbà pamọ́ mọ ìtumọ̀ òwe yìí dáadáa. Síbẹ̀, tí ológbò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rù, tó ń bì, tí kò jẹun mọ́, ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa: "Wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ," tàbí "Ọwọ́ ayé ni." Ìyá àgbà tó ń dá gbé nítòsí ló sì sábà máa ń jẹ̀bi. Èrò tiwa ni pé ìdájọ́ yìí ti yá jù.

Jẹjẹrẹ kan wà tó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, lymphoma ni àwọn dókítà ń pè é. Ó ń mú èèyàn: lọ́dún 1958, Denis Burkitt kọ̀wé nípa irú rẹ̀ kan tó ń mú àwọn ọmọdé ní Uganda. Lára ológbò, ìfun ló sábà máa ń mú, pàápàá èyí tó ti dàgbà.

Skáànù, irú èyí tí wọ́n fi ń wo aboyún, ni wọ́n fi ń wò ó. Ìró tí etí wa kò lè gbọ́ ló ń wọ inú ikùn, tó ń padà bọ̀ wá di àwòrán. Dókítà á rí ògiri ìfun ní ìpele ìpele, á sì wọ̀n ọ́n ní mìlímítà. Bí ìpele iṣan bá nípọn jù, ó di ìfura. Bí kókó bá wà níbẹ̀, tí àwọn ìpele náà sì dàrú mọ́ra, ìfura ọ̀hún á le sí i.

Ìfura náà ṣì ni o. Ìfun tó kàn wú lásán, tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, lè nípọn bákan náà. Àwòrán ń fi ìrísí hàn, kò lè sọ orúkọ àrùn. Àfi kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa sẹ́ẹ̀lì, tàbí kí wọ́n gé díẹ̀ lára ìfun náà lọ yẹ̀ wò. Ìyẹn ló máa sọ irú èyí tó jẹ́: èyí tó ń yára pa ẹran, tàbí èyí tó ń rọra rìn, tí oògùn prednisolone àti chlorambucil lè mú kí ológbò lò ju ọdún méjì lọ.

Ẹnìkan á ní, "Ta ló fẹ́ gbé ológbò láti Òkàkà gba Ìsẹ́yìn lọ sí Ìbàdàn nítorí skáànù?" Òótọ́ ni, owó kò sí. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà ẹranko tó wà nítòsí yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, torí aràn náà lè mú ológbò rù. Ṣùgbọ́n ká sọ pé "a ò mọ ohun tó ń ṣe é" kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ̀sùn ló wọ́n: a ti sin ológbò tán, aládùúgbò méjì kò tíì kí ara wọn.

Bí dókítà tó ní ẹ̀rọ lọ́wọ́, tó rí inú ìfun kedere, bá lè sọ pé òun kò tíì mọ̀, kí ló ń kán àwa tí a ò rí nǹkan kan lójú?