TA LÓ Ń GBERIN NÍ ṢỌ́Ọ̀ṢÌ WA?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, àwọn kan á ní Pásítọ̀ ti ń dàgbà, kò mọ ohun tó ń lọ. Kò burú. Ẹ kà á dé ìparí ná kẹ́ ẹ tó bú mi.

Ọ̀rọ̀ loop pedal ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ kékeré kan ni, ilẹ̀ ló ń wà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Olórin á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á ta gìtá tàbí kó kọrin díẹ̀. Á tún un tẹ̀, ohun tó kọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, kò ní dúró. Á tún kó ohùn mìíràn lé e, àti òmíràn. Kó o tó mọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ti di akọrin mẹ́fà. Ed Sheeran, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi í kọrin ní pápá ìṣeré ńláńlá, láìsí ẹgbẹ́ olórin lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ti ń dé pẹpẹ wa báyìí. Níbi ìsọjí kan tí mo lọ láìpẹ́, akọrin tí wọ́n pè gbé tirẹ̀ wá. Ó lé orin, ó gbè é fún ara rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́, ẹ̀rọ gbà á, ẹ̀rọ ń pàtẹ́wọ́ lọ. Ó dùn létí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo bojú wẹ̀yìn: àwọn èèyàn gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya fídíò, ẹnu wọn pa dé. Kí ni wọ́n tún fẹ́ gbè? Ẹ̀rọ ti gbè é tán!

Ibẹ̀ ni ìjà mi wà. Mi ò bá ẹ̀rọ jà. Àwọn tó ń ní ẹ̀mí òkùnkùn ló wà nínú ẹ̀ nítorí pé ó ń wí ohun kan náà léraléra, tí wọ́n ń fa Mátíù 6:7 yọ, ẹ ṣí Sáàmù 136. Ẹsẹ 26 ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló parí sí ọ̀rọ̀ kan náà nípa àánú Olúwa. Àwítúnwí kọ́ lẹ̀ṣẹ̀. Gbígba orin sílẹ̀ náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti lọ sí London ní 1922, ó kọ orin ìyìn Yorùbá sínú àwo giramafóònù. Ìjọ ò kú. Àmọ́ giramafóònù ò wá jókòó sáyè ẹgbẹ́ akọrin. Ọ̀rọ̀ inú Sáàmù 136 yẹn, ẹ wò ó ní 2 Kíróníkà 7:3: gbogbo Ísírẹ́lì ló fi ẹnu ara wọn sọ ọ́.

Orin tiwa nílẹ̀ Yorùbá, lílé àti ègbè ni. Lílé ni ti akọrin, ègbè ni ti ìjọ. Ẹni tó bá gba ègbè lẹ́nu ìjọ ti gba ìdajì orin. Nínú 1 Kọ́ríńtì 14:16, Pọ́ọ̀lù ń béèrè bí ẹni tí kò lóye ṣe máa ṣe Àmín. Ṣé Àmín náà la máa gbà sínú ẹ̀rọ ni?

Ẹ wo àkókò ẹ̀rí. Ìyá àgbà kan jáde, ohùn tó bá wá sí i lẹ́nu ló fi gbé orin, kò mọ kọ́ọ̀dù. Onílù tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ gbọ́ ọ, á wá a kàn, á rọra bá a rìn. Bí ìyá bá sunkún, ìlù á rọlẹ̀. Bó bá fẹ́ jó, ìlù á gbé e. Loop ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ náà ló máa yí, ìyára kan, kọ́ọ̀dù kan náà. Ìyá ló máa wá sáré bá ẹ̀rọ. Àwọn obìnrin tó ń ki èèyàn ní Òkukù níbí, tí Karin Barber tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ odindi ìwé lé lórí ní 1991, ẹni tó wà níwájú wọn ni wọ́n ń dojú oríkì kọ. Ṣé ìjọ Ọlọ́run ni kò wá ní í rí ẹni tó máa wo ojú rẹ̀?

Mo mọ èsì yín. "Pásítọ̀, onílù ń pẹ́ dé. Ó ń béèrè owó ọkọ̀. Tó bá ṣe òde mọ́jú, a ò ní rí i ní Sunday. Loop ò jẹun, kò bínú." Òótọ́ ni, ó ń dùn mí náà. Àmọ́ ẹ ka 1 Kíróníkà 25. Akọrin 288 ni wọ́n kà, wọ́n sì ṣẹ́ kèké, kékeré àti ńlá, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀! Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣì í lù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ń ṣì í lù lónìí, òun ló máa lù ú fún wa lọ́la. Ẹ̀rọ tí kì í ṣì í lù ló ń lé e síta yẹn. Tó bá sì jáde, àwọn ọmọ Yahoo ò ní bi í bóyá ó mọ ìlù lù kí wọ́n tó gbà á.

Nítorí náà, ohun tí mo ń wí rèé. Ẹ fi loop kọ́ṣẹ́ nílé: ọmọbìnrin tó fẹ́ kọ́ ohùn kejì, kó gba ohùn àkọ́kọ́ sílẹ̀, kó máa kọ tirẹ̀ mọ́ ọn títí á fi dá a lójú. Ó wúlò fún ìyẹn gan-an. Àmọ́ lórí pẹpẹ, tó bá kan ègbè, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ kọjú máìkì sí ìjọ. Kẹ́ ẹ tó yọ owó ẹ̀rọ, ẹ yọ owó ọkọ̀ onílù. Ẹ̀yin òbí, ẹ rán àwọn ọmọ yín wá sí ìdánrawò.

Lọ́jọ́ tí ìjọ bá dákẹ́ tí ẹ̀rọ ń kọrin, a ti di òǹwòran nílé Baba wa nìyẹn.

Ẹ̀yin aṣáájú orin, ẹ fèsì nísàlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá lòdì sí mi, ẹ mú ẹsẹ Bíbélì dání. Olúwa á fi orin tuntun sí wa lẹ́nu. Ẹ ṣe Àmín, ẹnu ara yín ni kẹ́ ẹ fi ṣe é o!