Festac Town Náà Tó Ìlú Àbẹ̀wò

Gbogbo ayé ló ń wọ́ lọ sí Agra ní Íńdíà. Taj Mahal ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ wò, ibojì òkúta mábù funfun tí Shah Jahan, ọba ìdílé Mughal, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1632 fún olorì rẹ̀, Mumtaz Mahal, tó kú lórí ìkúnlẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Wọ́n tún máa ń yà sí ààfin olódi tó wà nítòsí, àti sí Fatehpur Sikri, ìlú tí Akbar, bàbá bàbá Shah Jahan, tẹ̀ dó ní 1571, tó sì kó kúrò níbẹ̀ kí ogún ọdún tó pé. Kò sí aburú nínú kí ọmọ Nàìjíríà tó rí owó ọkọ̀ lọ fojú ara rẹ̀ rí wọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìlú kan wà ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin níbí, tí ìjọba kọ́ láti fi gba àlejò láti igun ayé gbogbo, tí a sì ń gba ẹnu First Gate rẹ̀ kọjá lọ sí Badagry láì yíjú wò ó. Festac Town tó ìlú tí èèyàn ń dìídì wá wò. Ìtàn kọ́ ló wọ́n níbẹ̀, àwa tó ni ín ni a kò tíì gbà pé ìṣúra ni.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó mú kí wọ́n kọ́ ọ. Senghor, ààrẹ Senegal, ló gba àjọ̀dún àkọ́kọ́ ti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú lálejò ní Dakar ní 1966, Nàìjíríà ló sì kàn. Ogun abẹ́lé dá tiwa, FESTAC, dúró, ìyípadà ìjọba tún sún un síwájú, títí ó fi bọ́ sí 15 oṣù kìíní sí 12 oṣù kejì 1977, lábẹ́ ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Àwọn olórin, oníjó, òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà tó lé ní 15,000 wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50, láti Brazil, Kúbà, Amẹ́ríkà, títí dé Australia. Orí ilẹ̀ àwọn Àwórì ni wọ́n la òpópónà gbọọrọ sí, tí wọ́n sì kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé sí kí àwọn àlejò lè rí ibi sùn. Gilberto Gil, olórin ará Brazil, wà lára àwọn tó wá. Ó rí i pé ẹ̀sítéètì náà jọ èyí tí ìjọba ń kọ́ fún àwọn mẹ̀kúnnù nílùú tirẹ̀, ohun tó rí yẹn ló sì bí àwo orin rẹ̀, Refavela, tó jáde lọ́dún 1977 kan náà. Ọkùnrin yìí ló padà di mínísítà fún àṣà ní Brazil ní 2003. Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n ṣẹ́ kèké láti pín àwọn ilé náà fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn náà ti dùn jù: ìlú tí wọ́n kọ́ fún àjọ̀dún oṣù kan di ilé fún Yorùbá, Ìgbò, Ẹ̀dó àti ẹ̀yà mìíràn, ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ sì ti di ìyá àgbà àti bàbá àgbà.

Àwọn kan á ní mábù ni Agra fi ń fa èrò, pé búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì ò lè dúró níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí Taj Mahal fúnra rẹ̀ fẹ́ẹ̀ bàjẹ́. Láàárín 1800 sí 1900, àwọn èèyàn yọ òkúta olówó iyebíye kúrò lára ògiri rẹ̀, ọgbà rẹ̀ sì hu bó ṣe wù ú, títí Lord Curzon, aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, fi pàṣẹ àtúnṣe tó parí ní 1908. Nígbà tí èéfín tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ mábù náà di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Íńdíà pàṣẹ ní 1996 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń dáná èédú ní agbègbè náà yí sí gáàsì tàbí kí wọ́n kó kúrò. Òfin tó múná àti ìtọ́jú ni Agra fi dúró. Ẹ wá wo tiwa: Ilojo Bar ní Tinúbu, ilé àwọn Àgùdà tó ti wà nínú ìwé ilé ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016. Ní Festac, kò sí ẹni tó wó ìlú náà lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, bí pápá tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọmọdé ṣe ń di ṣọ́ọ̀bù, tí gọ́tà ń dí, tí wọ́n sì ń kọ́lé lé etí ojú omi.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé Festac ò tíì gbó tó, kó wo Brasília ní Brazil. Ọdún 1960 ni wọ́n ṣí i, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ní 1987. Ní Áfíríkà níbí, Asmara, olú ìlú Eritrea, wọ inú ìwé kan náà ní 2017, ilé ìgbàlódé tí àwọn Ítálì kọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń gbé inú wọn. Nítorí náà, bí àwọn kan bá ń bẹ̀rù pé àbẹ̀wò á lé onílé jáde, kò pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni ti owó. Owó epo rọ̀bì ni ìjọba ológun ná bí ẹni ń da omi nù. Fẹlá, gbajúmọ̀ olórin, kọ̀ láti bá wọn kópa, nígbà tó sì di 18 oṣù kejì 1977, ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn àjọ̀dún, àwọn sójà dáná sun Kalakuta, ilé rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ pé orí ìwà mímọ́ ni wọ́n kọ́ Agra lé? Inú ààfin olódi Agra ni Aurangzeb ti ti Shah Jahan, bàbá tó bí i, mọ́lé láti 1658 títí ọba náà fi kú ní 1666, àwọn àlejò sì ń gbọ́ ìtàn yìí níbẹ̀. Ìbẹ̀wò tó ní láárí máa ń gbé èyí tó dùn àti èyí tó korò síwájú èèyàn. Kí wọ́n gbé kíkọ̀ Fẹlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ orin Miriam Makeba àti Stevie Wonder. Kí wọ́n sọ pẹ̀lú pé ìbòjú Ìdíà, ìyá ọba Bìní, tó jẹ́ àmì àjọ̀dún náà, wà ní British Museum, tí Gẹ̀ẹ́sì kò sì gbà láti yá wa.

Àwọn olùgbé á bi mí pé, ọ̀nà tó dára àti omi ńkọ́? Mo gbà pẹ̀lú wọn pátápátá. Ohun tí àlejò kọ́kọ́ ń wá kò ju ohun tí onílé ń wá lọ: gọ́tà tó ń ṣàn, iná lójú pópó, ààbò. Iṣẹ́ yòókù kò wúwo. Òfin 1979 tó dá NCMM, àjọ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí, sílẹ̀ fàyè gba kíkéde ibi tó bá yẹ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí. Kí FHA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, yan ẹsẹ̀ ilé kan tí kò tíì yí padà púpọ̀, kí wọ́n sọ ọ̀kan nínú rẹ̀ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí CBAAC, tí ìjọba dá sílẹ̀ láti tọ́jú ohun tó ṣẹ́kù nínú àjọ̀dún náà, sì fún un ní ẹ̀dà fíìmù, àwòrán àti orin. Ọ̀nà dé ibẹ̀ ti wà. Láti oṣù kẹsàn-án 2023, ọkọ̀ ojú irin Blue Line ń gbé èrò láti Marina, ó ń dúró ní National Theatre ní Ìgànmú, tí wọ́n ti fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè báyìí, kó tó dé Mile 2, nítòsí Festac. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lè rí ibi tí àwọn àlejò 1977 ti ṣeré àti ibi tí wọ́n sùn láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo.

Oṣù kìíní 2027 ni FESTAC pé àádọ́ta ọdún. Mo bẹ àjọ FHA, NCMM, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin: ẹ kéde apá kan ìlú náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí, ẹ sì pe àwọn olùgbé àti àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀ síbi ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan.