Ewéko Etí Omi Kọ́ Ni Ewéko Inú Omi



Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú ẹlòmíràn, nítorí ó jẹ mọ́ àpótí gíláàsì tí a fi ń sin ẹja wẹ́wẹ́ nínú ilé, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní akuaríọ̀mù. Ṣùgbọ́n owó àgbẹ̀ ló bá a lọ.

Arákùnrin kan nínú kíláàsì wa ta àgbàdo rẹ̀, ó fi owó rẹ̀ ra gíláàsì àti ẹja mẹ́rìnlá. Ó fẹ́ kí ẹja náà bímọ, kí ó máa tà wọ́n fún àwọn ará ìlú. Ó wá ra ewéko sí i, 3 000 fáráǹkì. Kí ó tó rà á, ó bi mí pé: "Olùkọ́, ṣé ti inú omi ni lóòótọ́?" Mo wo abọ́ ọlọ́jà, mo rí ewéko nínú omi, mo ní: "Bí kò bá jẹ́ ti omi, kí ni ó ń ṣe níbẹ̀?" Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń yọ̀ bí ilá, omi ń rùn. Àwọn ẹja ń gbé ẹnu sókè, wọ́n ń wá atẹ́gùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mọ́kànlá ti kú. Ó rò pé aládùúgbò kan ló ṣe òun. Èmi fa igi ewéko náà sókè, mo wò ó dáadáa. Àbúrò pèrègún ni! Pèrègún tí a ń gbìn sí ààlà oko, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Èyí tí wọ́n tà fún un wá láti ìhà Kamẹrúùnù. Àwọn ọlọ́jà ń pè é ní bambou de la chance, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọparun rárá. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá wà nínú omi tí ewé rẹ̀ wà lókè, ó lè pẹ́ láyé. Bí a bá rì í mọ́lẹ̀ tán, yóò jẹrà. Ohun tó ń jẹrà nínú omi a máa gba atẹ́gùn mọ́ ẹja lọ́wọ́.

Ẹ wo ìrẹsì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi, orí rẹ̀ wà nínú atẹ́gùn, ara rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n bí odò Ouémé bá kún tí ó bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀yin tí ẹ ń gbìn ín mọ ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ wọ́n? Ẹ fa ewéko náà jáde nínú omi. Ọmọ omi gidi a wó lulẹ̀ bí òwú tó tutù, nítorí omi ló ń gbé e dúró. Ewé rẹ̀ a máa fẹ́lẹ́. Ti orí ilẹ̀ a dúró gbọnrangandan, ewé rẹ̀ a nípọn, omi a sì máa ṣàn kúrò lára rẹ̀ bí ẹni pé a fi epo pa á. Bí ewé bá ní ìlà funfun tàbí ìlà òféèfèé, ẹ túbọ̀ ṣọ́ra. Mo gbà pé ìdánwò yìí kò pé: Anubias, tó ń hù létí odò nínú igbó ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níhìn-ín, ewé rẹ̀ le, síbẹ̀ ó lè gbé inú omi fún ọdún púpọ̀.

Àwọn kan ní kí olùrà la ojú ara rẹ̀. N kò gbà. Bí ẹnìkan bá ta irúgbìn àgbàdo tó ti kú fún wa, ṣé a máa ń dákẹ́? Kí ọlọ́jà sọ ohun tí ó ń tà. Bí òun náà kò bá mọ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kó o fún un.

Òṣíbàtà àti ojú oró jẹ́ ọmọ omi, àmọ́ ẹ má ṣe rán ọmọdé wọ inú omi adágún lọ já wọn. Àwọn ìgbín wẹ́wẹ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ irú ewé bẹ́ẹ̀ lè gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, tí ń mú ènìyàn tọ ẹ̀jẹ̀, kòkòrò náà sì ń gba awọ ara wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe da ewéko inú gíláàsì sínú odò. Jacinthe d'eau, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù ló ti wá. Ẹ bi àwọn apẹja adágún Nokoué ohun tí ojú wọn rí. Láti 1991 ni àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ sílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ sá èyí tí ẹ kò fẹ́ sóòrùn, kí ẹ fi ṣe ajílẹ̀.

Arákùnrin wa ṣì ní ẹja mẹ́ta. Ní Sátidé tó kọjá, a jọ lọ sọ́jà. Ó fa ewéko kan jáde nínú abọ́, ewéko náà dúró gbọnrangandan. Kò bi mí mọ́. Ó dá a padà fún ọlọ́jà.